Bí Mo Ṣe Gbá Oko Olóko Dànù Nítorí Ìmọ́tótó

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, mo fẹ́ jẹ́wọ́ iṣẹ́ rere kan tí mo ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1999. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ rere ni mo pè é. Ẹ kà á tán ná.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Mo ní digirí nínú físíìsì, iṣẹ́ kò sí. Ṣé ẹ mọ bí ọkàn èèyàn ṣe máa ń rí nígbà náà? Bí ẹnì kan bá bi mí pé báwo ni, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló fẹ́ dá sílẹ̀. Ni mo bá sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní béèrè: ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Òkè Baálẹ̀, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti máa ń gba inú wáyà tẹlifóònù wọlé bí àna tó ń tijú.

Àwa bíi ogún, láti Òṣogbo dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, la jọ ní ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Géèmù kan ló kó wa jọ. Ọmọlángidi kékeré kan á máa rìn, á máa fò, títí á fi dé ẹnu ọ̀nà. Èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìpele tuntun fún un, kó gbé e sí ojú ìwé wa kí àwọn yòókù gbá a.

Sísítà Bọ́sẹ̀, olùkọ́ ìṣirò kan ní Iléṣà, ló ń tọ́jú ojú ìwé náà. Wọ́n kọ òfin sí òkè rẹ̀: wo ohun tó wà nílẹ̀ kí o tó gbé tìrẹ síbẹ̀, má gbé ohun kan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kì í ṣe tìrẹ, má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi ń gbé nǹkan síbẹ̀, òun náà la fi ń yọ ọ́, torí a fọkàn tán ara wa. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Mo ṣe ìpele tèmi: ọkọ̀ akérò láti Òṣogbo sí Iléṣà, pẹ̀lú gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Mo pè é ní "Ọkọ̀". Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò mọ àmì kankan, ó kọ ọ́ ní "oko". Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé wọn ò fẹ́ mi níbẹ̀ ni? Mo tún un tẹ̀. Kí n má parọ́, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti dé. Oko, oko, oko, lọ rẹrẹ. Ojú ìwé wa dà bí ìgbà tí èèyàn kan ṣoṣo bá sá aṣọ sí gbogbo okùn àdúgbò. Èmi tí mo ti ka òfin náà lẹ́ẹ̀mẹrin!

Kí ni olóye èèyàn máa ń ṣe? Á gbálẹ̀. Mo ń yọ oko, mo ń yọ oko, títí ó fi ku ẹyọ kan. Mi ò kà wọ́n. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ta ló ní kí n tún máa ka oko? Mo wá kọ̀wé sí Sísítà Bọ́sẹ̀ pé mo ti bá wọn tún ojú ìwé ṣe. Mo ń retí ọpẹ́.

Sísítà Bọ́sẹ̀ pe tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní, "O kú uṣẹ́ o." Bí Ìjẹ̀ṣà bá fi ẹnu ilé kí ọ báyẹn, tètè wá ibi jókòó. Wọ́n ní, "Oko mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Mẹ́sàn-án ni tìrẹ. Ta ló ni ẹ̀kẹwàá?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ̀ ni tèmi."

"Oko ni ti Délé. Oko gidi."

Délé, ọmọ Ifẹ̀wàrà, ọ̀kan lára wa, ti fi géèmù ya oko kòkó bàbá rẹ̀ tó ti kú, igi kan tẹ̀ lé òmíràn, torí àwọn ẹbí ti ta ilẹ̀ náà, ẹni tó rà á sì ti gé gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó fi ṣe é ti bàjẹ́. Èyí tó wà lójú ìwé wa nìkan ló kù. Orúkọ Délé wà nínú rẹ̀. Ká ní mo ṣí i ni, ǹ bá ti rí i.

Mo kọ́kọ́ gbèrò láti ṣàìsàn. Nígbà tí àìsàn kọ̀ tí kò dé, mo ra ìwé onílà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀wàrà.

Délé wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni agbálẹ̀?"

Mo ní èmi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí, láti ọjọ́ tí mo bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀. Ó ní kí n dákẹ́, kí n mú pẹ́ńsùlù.

Sátidé mẹ́ta la fi yà á. Mo ń yà, ó ń dá mi dúró. "Rárá, igi kankan ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn tì sí." Nígbà tó kù díẹ̀, a dé ibì kan tí kò rántí mọ́. Ó wo ìwé náà títí. Mo ní ṣé kí n fi igi méjì kún un, kó lè dọ́gba.

Ó ní, "Fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. O ti tún un ṣe tó."

Mo lọ ṣe ìpele náà bó ṣe wí, mo fi àlàfo yẹn sílẹ̀. Délé fúnra rẹ̀ ló gbé e sójú ìwé, ó pè é ní "oko baba dele". Mo yí orúkọ tèmi padà sí "moto". Kò sí àmì tó lè yà wá nípá mọ́.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ìmọ́tótó dára, àmọ́ ẹni tó bá ń gbá ilé àjọgbé, kó ṣí ohun tó fẹ́ dà nù wò kó tó dà á.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti bá ẹlòmíràn tún ṣe rí tó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.