Eépín Lára Mẹ́sí Ọlọ́yẹ́

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlá, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn ìpara tí àwọn pẹ́ntà fi ń dán ara ọkọ̀. Inú agolo pẹlẹbẹ ló máa ń wà. Òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá da karosíìnì sínú ẹfun tútù, ó sì máa ń há sábẹ́ èékánná, ọṣẹ kì í tètè mú un kúrò. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù pẹ́ntà kọjá tí òórùn náà kàn mí nímú, kì í ṣe ọkọ̀ ni mo máa ń rántí. Ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí, bí ó ṣe kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn mọ́tò, tí ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba àkísà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ yóò rántí ohun tí mẹ́sí ọlọ́yẹ́ jẹ́ lójú wa nígbà náà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, mọ́tò tí a sì mọ̀ jù ní Ìlá ni bọ́ọ̀sì onípákó tí ń kó kòkó àti obì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí ń ṣòwò ní Ìbàdàn, gbé mẹ́sí wá sílé, èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ọyẹ́. Ó dúdú bí aṣọ ẹtù. Bí o bá dúró tì í, o lè wo bí o ṣe wé gèlè rẹ lára rẹ̀. Ìrìn àjò Mẹ́kà ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ lọ, ó sì wá gba àdúrà àwọn àgbà. Níṣojú gbogbo agbo ilé, ó ní òun yóò fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ìyá òun pẹ̀lú dírẹ́bà, àti pé bí òun bá dé láyọ̀, inú rẹ̀ ni òun yóò jókòó wọ ìlú. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì mí.”

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ti ń gbé nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun ló fi oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu tọ́ ọmọkùnrin méjèèjì. Kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n jíjókòó tì í yìí, ó ń rò ó sùn, ó ń rò ó jí. Ó ti yọ aṣọ tí yóò wọ̀ sílẹ̀, ó ti sá a.

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Òjìji igi dára fún ènìyàn, kò dára fún ọkọ̀ olówó ńlá. Oje igi ń kán sí i, ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí i, eruku ọyẹ́ sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Dírẹ́bà sì ti gba àyè lọ sí Ìrẹ̀sì, nítorí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, rédíò sọ pé àwọn tó lọ sí Mẹ́kà ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé. Ìyá ọkọ mi wo ọkọ̀, ó rí i pé ó dọ̀tí, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Ní agbo ilé wa, wọn kì í gbé igbá ka iwájú àlejò pàtàkì láìfi ewé eépín dán an. Ẹ mọ ewé náà, èyí tí ara rẹ̀ ń họni bí ahọ́n ológbò. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ṣiṣẹ́ bí ìyá ọkọ mi. Igbá tí ó bá dán, ojú ẹyin ni. Nítorí náà, ó lọ já eépín lẹ́bàá oko, ó pọn omi, ó sì fi ìfẹ́ ìyá fọ ọkọ̀ náà láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ìlẹ̀kùn iwájú méjèèjì.

Ìgbà tí mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ìkẹyìn sí i ni. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Ní tòótọ́, ó ń dán. Mo kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ sí i, tí omi ń gbẹ, àwọn ìlà funfun wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bí ìgbà tí ọmọ tó ń ṣeré bá fi ṣọ́ọ̀kì ha gbogbo pátákó. Ìyá rò pé ọṣẹ ni. Ó tún bu omi sí i, ìlà pòórá. Omi gbẹ, ìlà padà. Ó tún bu omi. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e: ó rọra gbé garawa sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ méjèèjì sí ìró rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ náà ló jẹ̀bi.

Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu, jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ìyáálé, ẹ kúkú bá mi fi eépín yìí pa ojú tèmi náà, bóyá n ó dán.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé garawa rẹ̀. Ó wọlé lọ, kò jẹun. Nígbà tí mo gbé omi wọlé tọ̀ ọ́, aṣọ tí ó ti yọ sílẹ̀ ni ó ń dì. Ó ní òun ń lọ sí ilé bàbá òun ní Òkè-Ìlá títí wọn yóò fi pàdé ọmọ òun tán.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màámi, ta ni yóò wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n?”

Ó ní, “Ìyàwó mi, ìyá tó họ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ kò lójú tí yóò fi jókòó sínú rẹ̀.”

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi láàyè díẹ̀, àti pé bí ara ọkọ̀ náà kò bá dán padà, èmi fúnra mi ni n ó ru ẹrù rẹ̀ dé Òkè-Ìlá. N kò mọ bí a ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé omi ń bo àpá náà mọ́lẹ̀, mo sì rò ó pé ohun tí omi lè bò kò lè jìn.

Dírẹ́bà padà dé ní ọjọ́ kejì. Ó ká ọwọ́ lérí, ó yí ọkọ̀ náà po, ó ń bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ ń bà á, n kò bá a wí. Ó ní kí a sọ pé ewúrẹ́ ló gun ọkọ̀. Ìyá dá a lóhùn láti inú yàrá pé, “Dírẹ́bà, ewúrẹ́ wo ló ń ha ọkọ̀ roboto bí ẹni ń fọ igbá?” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò tíì kú tán.

A gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ pẹ́ntà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Ó wò ó, ó ní ohun tó yá jù ni kí òun fi sánpépà bó gbogbo ọ̀dà iwájú, kí òun fín tuntun sí i. Mo bi í bóyá ó ní ọ̀dà irú èyí gan-an. Ó ní òun yóò po èyí tó jọ ọ́.

Mo ní, “Ẹ má bínú, jíjọ kì í ṣe òun. Bí ẹ bá lẹ ẹtù mọ́ ẹtù tí kì í ṣe orí òfì kan náà, ẹni tó bá mọ aṣọ yóò rí ojú rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ ti fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́.” Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn sí i, mo rí i. Òun náà bu omi sí ìlẹ̀kùn, ó wo bí àpá ṣe ń pòórá. Ó ṣàlàyé fún wa pé ibi tí omi bá bò, orí ọ̀dà lásán ni wọ́n ha; a lè fi ìpara inú agolo, tí wọ́n ń pè ní rọ́bìn, dán an díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ni a ó fi ṣe é, òun kò sì ní ẹ̀rọ fún un. Ó pẹ́, ó ń roni lápá, òun nìkan kò sì lè parí rẹ̀ kí àlàájì tó dé. Mo sọ fún un pé a ní ọwọ́ nílé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé iwájú ilé wa nìyẹn, lábẹ́ ìbòòrùn tí a fi páànù ṣe, kì í ṣe abẹ́ máńgòrò mọ́. Ìyá ọkọ mi jáde wá, ó ní kí a kó àkísà fún òun. Dírẹ́bà ní kí Ìyá lọ sinmi. Ìyá ní, “Ọwọ́ tó họ ọ́ ni yóò dán an.” Ó mú ìpara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára yí ọwọ́ roboto. Pẹ́ntà rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ẹ rọra, Màmá. Igbá nípọn, ọ̀dà fẹ́lẹ́. Ní pàápàá ní etí ìlẹ̀kùn, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ni a ń mú lẹ́ẹ̀kan. A ó pa á títí ìpara yóò fi gbẹ, a ó nù ún, a ó wò ó sí ìmọ́lẹ̀, kí a tó sún. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, tí mo ń bá wọn kúnlẹ̀.

Àkísà wa le jù, ó ń fi ojú tirẹ̀ sílẹ̀ lára ọ̀dà. Ìyàwó tó fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ ó wọlé, ó mú ọ̀já àtijọ́ kan jáde tí wọ́n ti fọ̀ títí ó fi rọ̀ bí òwú. Ó ní, “Ìyáálé, ọ̀já tí mo fi bá yín pọn ọmọ yín rèé, nígbà tí kò tíì mọ Mẹ́kà. Ẹ fi nù ún.” Ó sì ká ìró, ó jókòó tì wá. Wọn kò bẹ ara wọn, wọn kò sì jà. Wọ́n ń dán ọkọ̀.

Nígbà tó yá, ẹtù padà. Mo tún rí gèlè mi lára ìlẹ̀kùn. Àpá kan ṣoṣo ló kù, lábẹ́ ibi tí a ń dì mú láti ṣí ìlẹ̀kùn iwájú. Òkúta wẹ́wẹ́ ti há sínú ewé níbẹ̀, ó sì ti wọlé ju ohun tí omi lè bò lọ. Pẹ́ntà ní òun yóò fi ọ̀dà díẹ̀ tó jọ ọ́ kùn ún, kò ní hàn. Dírẹ́bà ti ń dúpẹ́. Ìyá ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ní òun ti ṣe èyí tí òun lè ṣe, èyí tó kù, òun ní ẹnu tí òun yóò fi sọ ọ́. Ó wọlé, ó sì tú aṣọ tí ó ti dì.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n dé, gbogbo ọmọ ilé lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu bodè. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú aṣọ funfun, ó rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń tàn, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. Ìyá kò jẹ́ kí ó tíì wọ ọkọ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó fi ìka hàn án, ó ní, “Ọmọ mi, wo ibí. Èmi ni mo fi eépín fọ ọkọ̀ rẹ. A ti dán èyí tó ṣe é dán. Eléyìí kù.”

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ àpá náà. N kò ní purọ́ fún yín: ojú rẹ̀ yí padà. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, tí èékánná rẹ̀ ṣì funfun fún ìpara.

Ó ní, “Eépín, Màámi?”

Ìyá ní, “Eépín ni.”

Ẹ̀rín pa á. Ó ní, “Kànìnkànìn tí ẹ fi ń wẹ̀ mí ní kékeré le ju eépín lọ. Bí èmi kò bá bó, ọkọ̀ náà kò ní bó.” Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó di ìyá rẹ̀ mú lápá, ó sì fi í jókòó kí òun tó wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, èmi ni ó fi ìtọ́jú ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́ nígbàkúgbà tó bá wá sílé. Mo kọ́ gbogbo agbo ilé: ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i kí eruku ṣàn lọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má fọ̀ ọ́ nínú oòrùn, bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí i, ẹ má dúró di ọ̀la. Ó ta ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò kun àpá yẹn títí ó fi tà á, ibẹ̀ sì ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń bà bó bá ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìrántí yìí, ẹ kọ́ ọgbọ́n kan níbẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ba ohun rere jẹ́, ẹ má tètè wá ọ̀dà tó jọ ọ́. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dán èyí tí ọwọ́ yín ká, kódà bí apá bá ń ro yín. Èyí tó bá kù, ẹ fi han ẹni tó ni ín kí ó tó fúnra rẹ̀ rí i, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń wò ó.