Òpó Kan Nínú Àpò Ìyá Mílì

Títí di òní, bí mo bá rí igi kékeré tó tó ìka ọwọ́, àyà mi máa ń já.

Ìyá Mílì là ń pè é níbi iṣẹ́ wa, torí pé bí páálí bá fi mílì kan péré gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ariwo rẹ̀ á dé títì. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń fi páálí àti igi tín-ín-rín kọ́ ilé kéékèèké fún àwọn ayàwòrán ilé. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí ju ti ọ̀gá wa lọ.

Àjọṣe ni iṣẹ́ wa. Ayàwòrán á fi pẹ́ńsùlù yà á, Ìyá Mílì á gé e, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, èmi á wá gbé kámẹ́rà yí i ká kí kọ̀ǹpútà lè mọ gbogbo igun rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á tan àwòrán náà padà sára páálí, ẹni tó bá sì rí nǹkan tó fẹ́ yí padà á fi báírò fa ìlà sórí ìmọ́lẹ̀ náà. Ìyá Mílì á tún un gé, á máa kùn. Bí gbogbo wa bá ti gbà, ohun tí kámẹ́rà rí gbẹ̀yìn ni ẹ̀rọ ńlá máa fi gé pákó gidi.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìbòji là ń ṣe sẹ́yìn ọgbà, níbi táwọn ọmọdé á ti máa jókòó kàwé. Òpó mọ́kànlá ló ní. Èyí tó wà láàárín kì í jẹ́ kí kámẹ́rà rí abẹ́ òrùlé dáadáa, nítorí náà Ìyá Mílì máa ń yọ ọ́, màá ya abẹ́ òrùlé, á dá a padà, màá sì tún gbogbo rẹ̀ yà. Lọ́jọ́ Ẹtì, bó ṣe yọ ọ́ tán ni wọ́n pè é láti ilé ìwé pé ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Ó sáré jáde. Èmi oníwàràwàrà, mo ya tèmi tán, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti mú rúlà, igi kékeré yẹn ló fà jáde. Ó wò ó. Ó wò mí.

"Ṣé o tún un yà lẹ́yìn tí mo lọ?"

Mo mi orí: abẹ́ òrùlé nìkan ni mo yà.

"Yéè! Bàbá Ìbejì wà lórí ẹ̀!"

Ọkọ rẹ̀ ni káfíńtà tó ń to ìbòji náà. A sáré já sẹ́yìn ọgbà. Òpó mẹ́wàá ló dúró níbẹ̀, àárín ṣófo gbáà. Bàbá Ìbejì lóṣòó sí etí òrùlé, ó ń kan ìṣó. Mo fẹ́ pariwo, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Tí àyà ẹ̀ bá já, àárín ló máa sáré gbà."

Ó nu ojú rẹ̀, ó sì fi ohùn tó ń lò nílé pè é.

"Bàbá Ìbejì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ wá jẹun."

"Oúnjẹ wo?" Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o ní kí n ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà!"

"Mo ti gbé e dé. Ẹ gba etí ibẹ̀ wá, mo ti di àkàbà mú."

Ó dìde. Pákó dún, ó ké kẹ̀ẹ̀, gbogbo òrùlé sì mì díẹ̀. Ìyá Mílì di àkàbà mú gírígírí. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kan ilẹ̀ tán ló tó jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, tó bú sẹ́kún, tó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án.

Káfíńtà wo òpó kékeré náà, ó wo òrùlé. Ó nawọ́ sí mi.

"Àná ni mo ti rí i pé àárín ṣófo. Mo bi ọmọ yìí, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní bí ìwọ ṣe ṣe é nìyẹn. Mo ní, bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ ni, kò séwu. Ni mo bá gùn ún."