Mùíbátù Kí Túúlu Káàbọ̀

Kò! Kò! Kò! Ìró ẹ̀kùrọ́ tí ìyá àgbà ń pa lẹ́yìn ilé ní Ìfọ́n ni Mùíbátù kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó lọ́kọ sí Ìlobù, ni túúlu bá dé, ẹ̀fọ́rí tó máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan orí. Àfi bí ẹni pé orí ẹ̀bátí òsì rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹ̀kùrọ́.

Ó bá a jà títí. Ó fi gèlè fún orí pinpin, ó fi àdí ra á, ó ṣépè fún un. Bí túúlu bá ti dé, Mùíbátù á ti ìsọ̀, á dá aṣọ oníbàárà padà. Nígbà tó yá, aṣọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀wù funfun tí Malikah, ọmọ rẹ̀, fẹ́ wọ̀ ṣe wòlímọ̀ Kùránì. Ó ti pinnu: bí òun ò bá lè rán tọmọ òun, kí òun ta máṣíìnì.

Nọ́ọ̀sì kan ní Òṣogbo ló là á lọ́yẹ̀. "Ìyá Malikah, ẹ lo oògùn yín o, àmọ́ ẹ yé bá a jìjàkadì. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ máa ṣe ìwọ̀nba tí ẹ bá lè ṣe."

Wòlímọ̀ ku ọ̀la, túúlu dé. Mùíbátù lo oògùn, ó fa kọ́tìnnì, ó kúnlẹ̀ gbìì níwájú àga òfìfo.

"Ẹ káàbọ̀ mà, Àǹtí Túúlu! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ilé ńkọ́? Ẹ jókòó mà, ẹ má ṣáà fọwọ́ kan òwú mi."

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó sáré bomi tútù fún àlejò, ó gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀.

"Àlejò dà?"

"Túúlu ni, Màmá. Orí àga ló wà."

Màmá wo àga, ó wo ìyàwó. "Ẹ̀yin ará Ìfọ́n! Ẹ̀yin náà lẹ máa ń lálejò tójú kì í rí!"

"Ìlobù ló ti bá mi o, Màmá. Ọmọ ilé yín ni!"

Ẹ̀rín pa Màmá, ó rín in títí ó fi jókòó pọ̀ọ̀ sórí àga.

"Yéè! Màmá, ẹ ti jókòó lé e!"

Màmá fò dìde, omi dà sí i láṣọ. Mùíbátù fọwọ́ di orí mú. Ẹ̀rín náà ń dun ẹ̀bátí rẹ̀, ó sì ń rín in lọ.

Màmá lọ pààrọ̀ aṣọ. Túúlu ò lọ. Mùíbátù rán díẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó bì, ó fomi yọnu, ó tún jókòó. Orí ń fọ́, ọwọ́ ń rán. Kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, ó ti ṣẹ́tí ẹ̀wù náà yí ká. Ó fi eyín já òwú, ó sì gbé ẹ̀wù kọ́.