Omi Tí Ìyá Múrí Bù Fún Wa

Ohùn kan ló bọ́ sórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí mo jókòó sí tí mo ń bó ẹ̀pà. Orí wásáàpù ni, nínú ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde yunifásítì. Ohùn ọkùnrin tó ti ha díẹ̀ nítorí àgbà, tó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, Múrí máa pé ogójì ọjọ́ lọ́la o. Kí kálukú sọ ohun kan tó rántí nípa ẹ̀. Kó jẹ́ èyí tó máa pa wá lẹ́rìn-ín o, a ti sunkún tó."

Kí n tó bó ẹ̀pà mẹ́wàá, ìtàn ti ń wọlé ní ẹsẹẹsẹ. Ẹnì kan rántí ọjọ́ tí Múrí kúnlẹ̀ sétí gọ́tà ilé oúnjẹ, tó ń gbóòórùn rẹ̀, tó sì ń kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí àfẹ́sọ́nà. Ẹlòmíràn rántí bí ó ṣe kó erùpẹ̀ ọgbà méje sínú ike mílíìkì méje, tí a sì rò pé ẹ̀bà gbígbẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há mi lọ́fun. Ìgbà náà ni ẹnì kan kọ̀wé pé, "Ẹnjiníà, ìwọ lẹ jọ gbé yàrá. Ìwọ ló kàn."

Mo dojú fóònù dé ilẹ̀. Ohun tí mo rántí nípa Múrí kì í ṣe ohun ẹ̀rín, mi ò sì lè sọ ọ́ láàárín àwọn tó ń sọ ti ike mílíìkì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wọ kóòtù ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí ẹ ń ya fọ́tò káàkiri, ẹ̀yin ni n óò sọ ọ́ fún.

Ìkòròdú nilé mi. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo kọ́, ti ọ̀nà, afárá àti ojú àgbàrá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Múrí, ẹ̀kọ́ nípa àyíká lòun ń kọ́ ní tirẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà kì í fara sin. Mo ní rúlà onígi gbọọrọ kan tí a fi ń yàwòrán ilé, mo sì máa ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí a kò tilẹ̀ ní yàwòrán kankan, kí àwọn èèyàn lè mọ irú ẹni tí wọ́n jọ jókòó. Màmá kan tó ń lọ sí Ìjẹ̀dé wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, káfíńtà, ẹ ò lè bá mi ṣe àga kan?" Abẹ́ àga ni mo ti rúlà náà sí títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ti Múrí tún burú ju tèmi lọ. Bàbá rẹ̀, Àlàájì, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni ohun tó ń kọ́ gan-an. Múrí ṣàlàyé omi, ó ṣàlàyé ilẹ̀, ó ṣàlàyé pàǹtírí àti afẹ́fẹ́. Àlàájì gbọ́ ọ dópin, ó mi orí, ó ní, "Ó yé mi. Wolé-wolé ni." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Bóyá ẹ̀yin ò mọ wolé-wolé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni, aláṣọ kakí, tí wọ́n máa ń já wọ agbo ilé láìkìlọ̀, tí wọ́n á máa ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ó di ilé ẹjọ́. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù wọn ju ọlọ́pàá lọ. Bí ọ̀kan bá ti yọ lórígun àdúgbò, ọ̀rọ̀ á ti ta dé ilé kẹwàá. Obìnrin tí omi rẹ̀ kò bá mọ́ á gbé ìkòkò náà sá sẹ́yìn aṣọ, á sì gbé èyí tó mọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ wò, èyí tó dára là ń fi hàn án.

Tí a bá gba ìsinmi, Ẹ̀pẹ́ là ń lọ. Ìyá Múrí ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, òórùn èéfín ẹja sì ti wọ ara ògiri ilé wọn débi pé bí mo bá padà dé Ìkòròdú, ìyá mi á ní kí n bọ́ṣọ sílẹ̀ lójúde. Màmá ni mo ń pe ìyá Múrí. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni Kúdí, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, tí kò sì jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀dá Ẹnjiníà, ṣé ẹ lè kọ́ afárá láti ilé wa dé ọjà, kí ẹrẹ̀ má máa bà mí lẹ́sẹ̀ jẹ́?" Mo ya afárá náà fún un, mo fi ọwọ̀n mẹ́rin sí i, ó sì fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn ju èyíkéyìí tí mo ti gba owó rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Kànga kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn, bàbá àgbà wọn ló gbẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún, àìsàn inú rírun àti ibà máa ń mú àwọn ọmọ ilé náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ṣaláńgá tuntun sí tòsí kànga yìí ni ara ti ń fu Àlàájì. Ó ní kí wọ́n máa fi omi rẹ̀ fọṣọ, kí wọ́n má mu ún. Omi òjò tó ń ṣàn láti orí páànù ni wọ́n ń tọ́jú sínú àmù fún mímu.

Nígbà tí ó di ọdún àṣekágbá, èmi àti Múrí sọ kànga náà di iṣẹ́ ìwádìí wa. Òun á yẹ omi rẹ̀ wò, èmi á wọn bí ilẹ̀ ṣe dagun sí, n óò sì yàwòrán ibi tí kànga tuntun lè wà. Àlàájì pè wá jókòó. Ó ní, "Ohun tí ìwé yín bá sọ la máa ṣe. Bó bá ní kò dáa, mo máa dí i. Bó bá ní ó dáa, a máa mu ún."

Òwúrọ̀ kùtù ló yẹ ká bu omi náà, kí ẹnikẹ́ni tó pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé yẹn làwọn obìnrin ilé ti ń wẹ̀ ní ìdájí, ọkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Àlàájì fúnra rẹ̀ kì í lọ. A gbé ìgò méjì tí a ti fọ̀ fún Màmá. Múrí ní, "Màmá, ẹ bá wa bu omi kànga sí i láàárọ̀. Olùkọ́ wa fẹ́ wò ó." Gbogbo ohun tí a sọ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, gbólóhùn méjì la sì rò pé ó tó ìyá wa. Láàárọ̀, a bá ìgò méjèèjì lórí ẹní, Màmá ti fi aṣọ funfun wé wọn. Omi náà mọ́ gaara.

Olùkọ́ wa obìnrin, tí a ń pè ní Dókítà, yẹ omi náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Kànga wo lomi ẹ̀ mọ́ báyìí? Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ pọn ọ́n?" Múrí wojú mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin ká gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ìrìn Ẹ̀pẹ́ sì ti sú mi. Èmi ni mo dáhùn, èmi tí omi kì í tilẹ̀ ṣe apá tèmi nínú iṣẹ́ náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

A gbé èsì lọ sí Ẹ̀pẹ́ bí ẹni gbé ìyàwó. Àlàájì gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, kò mọ̀ ọ́n kà, ó sì dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Màmá ń jó, ó ní òun ti mọ̀ pé ọmọ òun ò ní fèlì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi kànga. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé tí àmù gbẹ, kò sí omi mìíràn tí wọ́n ń mu mọ́.

Múrí wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú nígbà tí dírẹ́bà kan jíṣẹ́ fún wa pé Kúdí wà ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, ó sì bèèrè irú omi tí ọmọ náà ń mu. Ọ̀sán gangan ni, Múrí sáré lọ sílé, ó bu omi kànga fúnra rẹ̀, a sì gbé e lọ bá Dókítà. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní, "Omi tí ẹ kọ́kọ́ gbé wá kọ́ nìyí." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì wọlé.

A padà sí Ẹ̀pẹ́. Màmá jókòó ti Kúdí, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Múrí rọra bi í pé omi wo ló bù sínú ìgò lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tí wọ́n rántí oore rẹ̀. "Omi òjò inú àmù mi ni o. Ṣé kí ọmọ mi gbé omi kànga yẹn lọ fún olùkọ́, kí wọ́n wá fún un ní òdo ni?" Ó ti rò pé okùn àti rúlà tí mo fi ń wọn ilẹ̀ kiri ló sọ fún wa pé kànga dára. Ti inú ìgò, máàkì ọmọ rẹ̀ ló kà á sí.

Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Mo retí kí Múrí pariwo, ṣùgbọ́n ó kàn gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ sinmi." Ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, Kúdí kú. Múrí sọ fún gbogbo ilé pé ibà ẹ̀fọn ni, kí Màmá má baà mọ̀ pé omi kànga ló fà á. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí kànga, ó ní yunifásítì ló ní kí àwọn dí i.

Ó tún ṣe ohun kan tí n kò lè ṣe. Ó lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà, ó ní òun nìkan ló jẹ̀bi, wọ́n sì fi ọdún kan kún ọdún rẹ̀. Èmi gba ìwé ẹ̀rí mi lọ́dún yẹn. Mo wọ kóòtù, mo ya fọ́tò, mo jẹ ìrẹsì. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Múrí di wolé-wolé lóòótọ́. Láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Àgbọ́wà ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Kì í ṣí ìkòkò ẹnikẹ́ni kí ó tó jókòó lórí àpótí ìdáná obìnrin ilé náà, kí ó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́ wò àti ìdí rẹ̀, títí obìnrin náà á fi ní, "Ó ti tó, Wolé-wolé, mo ti gbọ́." Bọhóò ló kún agbo ilé nísinsìnyí, táńkì dúdú wà lórí irin gíga káàkiri, ẹ̀yin ọmọ yìí sì ní ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó wà nínú omi kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín kò lè mọ ẹni tó fún yín lómi àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń bù ú. Títí di òní, kò sí ìyá kan lágbègbè wa tó máa mọ̀ọ́mọ̀ gbé omi tí kò mọ́ fún àlejò ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ Múrí, Màmá ní kí wọ́n pè mí wá sí yàrá òun. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Ẹnjiníà, Múrí ò jẹ́ kí n bi òun rí. Tí mo bá ti lanu báyìí, á dìde. Ìwọ ni mo máa bi. Omi òjò tí mo bù fún yín dípò omi kànga, òun ló pa Kúdí, àbí?"

Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọ yunifásítì ni obìnrin yìí ti ń dá nìkan gbé e, tó ń bá wa rẹ́rìn-ín, tó ń di ẹja fún mi lọ sílé, tí àwa méjèèjì sì rò pé à ń bò ó mọ́ra. Irọ́ Múrí wà ní ẹnu mi. N kò lè sọ ọ́.

Mo ní, "Rárá, Màmá. Olùkọ́ bi wá bóyá àwa fúnra wa la pọn omi yẹn. Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Kò sunkún, kò sì ṣépè. Ó wá ọwọ́ mi kiri lórí ẹní títí ó fi rí i, ó dì í mú, ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọmọ mi, inú kànga yẹn gan-an ni ǹ bá wọ̀ lọ bù ú fún yín."