Orúkọ Alfa Gàníyù Nínú Omi Àbá

Fọkanáísà ni Lateef lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Ó ti ń lẹ táyà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì sí ọlọ́kadà kan tó lè sọ pé ó rẹ́ òun jẹ rí. Ìyá rẹ̀ ló tàn jẹ, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọmọ alfa ni. Alfa Gàníyù, bàbá rẹ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìwó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí bàbá kú, ó ti tó oṣù mẹ́fà tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀, torí pé Lateef pa kéú tì. Oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kuta ló wà lọ́jọ́ náà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Ẹ sì mọ ìsìnkú Mùsùlùmí, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kó tó gun ọ̀kadà délé, wọ́n ti sin bàbá, àwọn alfa ti ṣàdúà tán, wọ́n ti ń pín sàráà. Kò rójú bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Inú ìbànújẹ́ yìí ló wà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti ìjọ Mọ́mọ́nì bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, táì gbọọrọ, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ àyà. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní ikú kò lè tú ẹbí ká, pé alààyè lè ṣe ìrìbọmi nítorí òkú, kí òkú fúnra rẹ̀ wá yàn lọ́hùn-ún bóyá òun gbà tàbí òun kọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó ń wá bàbá rẹ̀ ṣe? Lateef wọ ìjọ náà tọrùntọrùn. Ó pa tíì tó ti ń mu láti kékeré tì, torí òfin wọn.

Lọ́dún kejì, àyè yọ láti mú orúkọ bàbá rẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì wọn ní Àbá. Fọ́ọ̀mù orí fóònù bi í pé ṣé ìyàwó olóògbé tó ṣì wà láyé fọwọ́ sí i. Wọ́n béèrè rẹ̀ kedere, ẹ má di ẹ̀bi yẹn rù wọ́n. Hàbíbátù ìyá rẹ̀ ń yan àgbàdo lẹ́yìnkùlé, bó bá pè é, á dáhùn. Lateef kò pè é. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọkọ̀ lọ sí Àbá, ó wọ aṣọ funfun, ó bọ́ sínú omi, wọ́n pe orúkọ alfa tó fi ogójì ọdún ṣe lèmọ́mù, wọ́n sì ri ọmọ rẹ̀ bọmi dípò rẹ̀. Lateef sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kan ló wá yọ ọ́ lẹ́gbẹ́: pé Ọlọ́run Baba ti fìgbà kan jẹ́ èèyàn bíi tiwa kó tó di Ọlọ́run. Ohun tí bàbá rẹ̀ ti fi pàṣán kọ́ ọ ní kékeré, pé kò sóhun tó jọ Ọlọ́run, kọ̀ jálẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé Bíbélì tọ Pásítọ̀ Àyàndìran ti ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ, ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jọ kà á. Ó rí i pé Ọlọ́run kì í di Ọlọ́run, Ó ti wà bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ohun tí Jésù ṣe ti pé, kò ku ibì kankan tí èèyàn yóò bá a parí. Ó kọ̀wé sáwọn Mọ́mọ́nì, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, ó sì di ọmọ ìjọ pásítọ̀.

“Ti bàbá mi ńkọ́, sà? Omi Àbá yẹn?”

“Asán ni, Lateef,” ni pásítọ̀ wí. “Ẹ̀ẹ̀kan léèyàn ń kú, ìdájọ́ ló kàn. Ṣùgbọ́n irọ́ tó o pa mọ́ màmá kì í ṣe asán. Lọ jẹ́wọ́.”

Tèmilọlá ìyàwó rẹ̀ ní kó má dán an wò. “Bàbá Ẹyinjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá simi. Ta ló bi yín?”

Ó rò ó fún oṣù mẹ́ta, ó lọ. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun alásárì tán, ó ń ka tẹ̀súbà. Lateef dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Tẹ̀súbà dúró.

“O ní mo fọwọ́ sí i?”

“Mo ní ẹ fọwọ́ sí i, màámi.”

“Èmi tí mo wà lẹ́yìnkùlé.”

“Ẹ foríjì mí. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Asán ni gbogbo ẹ̀.”

Ìyá náà gbé tẹ̀súbà sílẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

“Níbi tó o wà báyìí, ibo ni wọ́n ní bàbá ẹ wà?”

Lateef la ẹnu. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni pásítọ̀ wàásù nípa àwọn tó kú láìgba Jésù, òun gan-an wà lára àwọn tó ṣe àmín, ó sì ṣe é sókè. Ó pa ẹnu dé.

“Mo gbọ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Irọ́ tó o pa mọ́ mi, mo foríjì ẹ́, ìwọ ni mo bí. Bí àwọn ti Àbá bá ṣìnà bó o ṣe wí, wọ́n kúkú ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi gba bàbá ẹ là. Àwọn tuntun yìí ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ti bá wọn tì í síná?”

Lateef kò dìde nílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé “Bẹ́ẹ̀ kọ́,” ṣùgbọ́n àmín Ọjọ́ Ìsinmi yẹn kò jẹ́ kó lè wí i.