Ìyá Tó Ń Pe Nọ́ḿbà Mi

Ní Aládé, ní Ìdànrè, lẹ́yìn ilé tí mo yá gbé nígbà tí wọ́n gbé mi wá síbẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń lọ síbẹ̀ láti pe èèyàn. Nínú ilé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Òkè ti yí wa ká, ó sì dínà mọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí iléeṣẹ́ fóònù rì sọ́nà Àkúrẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń yọjú láàárọ̀ kùtù, á sì tún sá lọ kí ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ tó rí i fi. Rédíò pàápàá, iléeṣẹ́ méjì a máa sọ̀rọ̀ lórí ara wọn, tí ìwàásù á bọ́ sáàárín ìròyìn. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, a ó gun àpáta yìí. Kálukú á kọjú síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára fún un, á sì máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn láti ojú fèrèsé mi, ara mi bù máṣọ. Àwọn èèyàn dúró káàkiri, wọn kò wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́ sínú afẹ́fẹ́. Òkè tó wà níwájú sì ń gba ohùn wọn, ó ń dá a padà fún wọn díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni fóònù mi bọ́ sínú kànga tòun ti síìmù. Mo ra òmíràn ní Àkúrẹ́, mo sì gba síìmù tuntun. Kò pẹ́ rárá tí nọ́ḿbà kan tí n kò mọ̀ fi pè mí. Orí àpáta ni mo wà.

"Ẹ ǹ lẹ́ o," ni mo wí.

"Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ?"

Ohùn obìnrin àgbà ni. Èdè Ìdànrè ló ń sọ, irú èyí tó jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ló kù tí wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa. Ó yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi kò yí i. Ọyẹ́ sì ti fi ikọ́ bá mi jà láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti dáhùn kí n tó ronú.

"Ó ti ń lọ, mà. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "O tún ti bẹ̀rẹ̀ eré ẹ. Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ ṣi nọ́ḿbà pè, mà. Olùkọ́ ni mí, ní Aládé."

"Mo ti gbọ́. Lọ jẹun. Má sì jókòó sójú afẹ́fẹ́." Ó pa fóònù.

Ó pè lọ́jọ́ kejì, ó tún pè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí oòrùn bá ń yí lọ sẹ́yìn òkè ló máa ń pè. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ fún un pé èmi kọ́ ni ẹni tó ń wá, gbogbo ìgbà ló sì ń rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi aṣọ bojú tó ní kí wọ́n wá òun. Ìyá onílé mi, tí òun náà máa ń wá sórí àpáta láti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbọ́ wa lọ́jọ́ kan.

"Ẹni tí o kò mọ̀ rí, o ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́?" ló bi mí. "Bulọ́ọ̀kì nọ́ḿbà yẹn jàre."

Mo gbìyànjú láti ṣe é. Ọwọ́ mi ti dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé mo ń wá ìyá kiri, tèmi wà láàyè ní Èkó. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni ní Aládé tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ kan, òjò tí a kò retí ti lé gbogbo èèyàn kúrò lórí àpáta. Nígbà tó dá, èmi nìkan ni mo padà lọ. Ìyá àgbà náà, tí mo ti ń pè ní Màmá, pè, ó béèrè nípa ikọ́, mo dáhùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí:

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Mo ń gbọ́ ọ. Bí o bá ti sọ̀rọ̀, òun náà á sọ̀rọ̀."

Mo sọ fún ara mi pé òkè ló ń dá ohùn mi padà. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n ó ti ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ó ní, "Sọ fún un kó má sún mọ́ etí àpáta yẹn. Ó ń rẹ̀ ẹ́." Mo yíjú padà. Àpáta nìkan ló wà níbẹ̀, omi òjò sì ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, n kò sì rántí pé mi ò tíì dágbére fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan fi nọ́ḿbà mìíràn pè mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ má bínú sí wa," ló wí. "Ìyá mi ni wọ́n ń pè yín yẹn. Ofosu la wà. Nọ́ḿbà tí ẹ ń lò yẹn, àbúrò mi obìnrin ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó ti kú. Ikọ́ lásán la pè é, kó tó di pé kò lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo síìmù náà mọ́, iléeṣẹ́ fóònù tún nọ́ḿbà náà tà."

Mo bi í bóyá Màmá mọ̀ pé ọmọ náà ti kú.

"Wọ́n mọ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa la sin ín sí."

"Kí ni wọ́n wá ń pè é fún?"

"Wọ́n ní ó ń gbé fóònù náà."

Èmi sì ni mo ń gbé e. Ó ní àwọn ìyá ìjọ wọn, Aládùúrà ni wọ́n, ti wọ́n omi àdúrà sí fóònù náà títí tó fi bàjẹ́, tí Màmá sì ra òmíràn. Ó bẹ̀ mí kí n wá sí Ofosu. Ó ní bí Màmá bá fojú rí mi, bóyá ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Mo lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin náà dúró dè mí létí títì márosẹ̀ tó lọ sí Bìní, níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn onímọ́tò. Ó tó ẹni ogójì ọdún, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun kò tíì sọ ẹni tí mo jẹ́ fún ìyá òun, pé kí n jẹ́ kí a kọ́kọ́ jókòó ná.

"Màmá, olùkọ́ kan nìyí, ó wá kí yín," ló wí nígbà tí a dé inú ilé.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa, mo mọ̀ọ́mọ̀ fa ìkíni náà gùn kó lè gbọ́ ohùn mi. Kò dá a mọ̀. Obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí ohun kankan lára rẹ̀ tó jọ ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà. Láti ibi tí mo jókòó, mo ń rí sàréè ọmọ náà lójú fèrèsé. Wọ́n sá aṣọ sórí sìmẹ́ńtì rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ sí fóònù kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ mi."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wò mí. Mo ki ọwọ́ bọ inú báàgì mi, mo di fóònù mi mú. Mo rò ó pé yóò dún báyìí níṣojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì parí. Màmá tẹ nọ́ḿbà, ó gbé e sétí. Fóònù mi kò dún. Mo yọ ọ́ síta, mo wò ó. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan lójú rẹ̀.

"Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ?" ni Màmá wí.

Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún dákẹ́. Mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga, mo sì gbọ́ ọ, ohùn kan tó ń jáde láti inú fóònù náà. Ohùn obìnrin ni. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó sì ń dúró láti mí.

"Àlejò wà lọ́dọ̀ mi," ni Màmá sọ fún un. "Olùkọ́ ni." Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó mi orí, ó wá yíjú sí mi. "Ó ní kí n kí ẹ. Ó ní o ṣeun tí o ń bá òun gbé fóònù."

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ máa lọ. Ọkùnrin náà sìn mí jáde, ìgbà tí a sì dé ojú títì ni mo tó rí ẹnu bi í.

"Ṣé ẹ ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn ni?"

"Rárá o."

"Ohùn tó wà nínú fóònù yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ," ló wí. Ó ti ń wo ibòmíràn. "Mo rò pé ẹ̀yin ni."

Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi padà, tí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìpè tó ti há sójú ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ti Màmá nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí mọ́.

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta ní àkókò tó máa ń pè, mo kàn ń dúró. Lọ́jọ́ kan, èmi fúnra mi pè é. Ohùn iléeṣẹ́ fóònù sọ fún mi pé ẹni tí mo ń pè ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo tún pè lọ́jọ́ mìíràn ní àkókò kan náà. Ohun kan náà ló sọ.

Ni mo bá pè é láàárọ̀. Ó gbé e.

"Olùkọ́ Aládé ni, mà."

"Káàárọ̀, olùkọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ tutù, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kí àlejò tó mọ̀ díẹ̀. "Ọmọ mi sọ fún mi nírọ̀lẹ́ àná pé o máa pè."

Wọ́n ti gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ báyìí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára nínú yàrá. N kò pààrọ̀ síìmù náà. Mo ṣì máa ń pe Màmá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, a ó bi ara wa léèrè àlàáfíà, a ó sì dágbére. N kì í pè é nírọ̀lẹ́.