Káàdì Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Yìnyín

Ìyáàfin òyìnbó tó kọ́ mi nílé-ìwé ìjọ fún mi ní agolo bisikíìtì kan kó tó padà sí Káńádà. Póòsìkáàdì ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lẹ sítáǹbù mọ́, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ láìfi sínú àpòòwé. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló fi wọ́n ránṣẹ́ síra wọn nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́mọdébìnrin, kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọn àwòrán náà: omi ńlá tó ń já bọ́ láti orí àpáta, ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ tí kò ní táyà lórí yìnyín, oko àlìkámà tí kò lópin. Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí obìnrin náà. Ó kọ́ mi ní Bíbélì, ó sì mú ojú mi dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé.

Nígbà tí mo di tíṣà, láàárín àwọn ọdún lẹ́yìn ogun abẹ́lé, mo gba yàrá méjì àti pálọ̀ ní Tudun Wada, nílùú Jos. Mo ra álíbọ́ọ̀mù, mo to àwọn káàdì náà sínú rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó tún ń kó irú rẹ̀ jọ ní gbogbo Jos: bàbá tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa. Akọ̀wé rélùwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ibi ìwakùsà kan ló ti rí tirẹ̀. Inú àpótí onírin ló ń tọ́jú wọn sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá fẹ́ fi ọ̀kan hàn mí, á kọ́kọ́ ní kí n kọjú sógiri kó tó ṣí i.

“Bàbá, ṣé olè ni mí ni?”

“Mi ò pè ẹ́ lólè. Kọjú sógiri.”

Èmi náà ò fọkàn tán an. Káàdì mi ti ń dín kù. Ẹlẹ́ṣin ti lọ, oko àlìkámà ti lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ iyì wọn. Bó bá ti wọlé mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí lọ́jọ́ tó yá mi ní èyí tó fẹ́ràn jù: ọkọ̀ ojú irin dúdú tó ń gba orí afárá gíga kọjá láàárín òkè, tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Àwa tí a gbé ní Jos mọ yìnyín tó máa ń bá òjò bọ̀, tó ń lu páànù orí ilé bí ẹni ń sọ òkò. Ti inú àwòrán yìí dákẹ́ ni. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi.

“Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni o,” Bàbá wí. “Bí mi ò bá rí i, Tíṣà, iwájú pásítọ̀ la ó ti sọ ọ́.”

Mo fi í sínú álíbọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo ṣí i ní Ọjọ́bọ̀, àyè rẹ̀ ṣófo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá yà sọ́dọ̀ mi kẹ́yìn. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó ti jí nǹkan ara rẹ̀ padà, pé yóò wá bèèrè rẹ̀ kí n lè fi káàdì olómi mi, ti omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, san án padà. Ó ti ń tọrọ ìyẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́? Àgbà ìjọ ni, ọmọdé ni mí. Bó bá pè mí lólè níwájú pásítọ̀, ta ni yóò tún jẹ́ kí n ka Bíbélì fún ìjọ? Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà, àárín àdúrà náà ni mo sì ti ń ro àpò agbádá tó ṣeé ṣe kó fi káàdì náà sí. N kò sọ fún màmá mi, tó wá láti Iléṣà wá bá mi gbé. Lójú ara mi, mo ti mọ olè mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá bá mi délé. Kò jókòó. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìwé orin mọ́yà.

“Káàdì mi dà?”

“N kò rí i mọ́, Bàbá. Bóyá ẹ̀yin gan-an mọ…”

“Kí ni mo mọ̀?”

Ó gba ìwé orin lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fa káàdì ọkọ̀ ojú irin yọ níbẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn káàdì náà sí mi. Ó ti fi pẹ́ńsù fa àgbélébùú kékeré sí igun rẹ̀, kó lè dá a mọ̀ lọ́wọ́ olè.

“Kí ni ohun tí mo yá ọ ń ṣe nínú ìwé orin ìyàwó mi? Haba, Tíṣà! Ìwọ tí o kò tíì gbéyàwó!”

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ojú Bàbá sì tún le sí i.

“Mo ti ń sọ ọ́ látàárọ̀,” ìyàwó náà wí. “Màmá ló fún mi.”

Màmá yọjú láti ibi ìdáná. “Èmi ni o. Ìyàwó wa wá kí mi lọ́jọ́rú. Mo fún un lómi, mo gbé álíbọ́ọ̀mù fún un. Ó ní kí n fún òun lọ́kan kóun fi máa rántí wa. Ṣé kí n wá di ahun ni?”

“Màmá, kì í ṣe fọ́tò wa!”

“Ṣé mo fọ́jú ni? Mo rí i pé òyìnbó ni. Mo sọ fún wọn pé ìlú tíṣà tó kọ́ ọmọ mi ni.”

“Wọn? Àwọn wo?”

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú. Ẹlẹ́ṣin wà ní Naraguta, oko àlìkámà wà ní Kuru. Àlejò tó bá ti wo álíbọ́ọ̀mù tán kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Bàbá kò tíì gbà. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Nínú gbogbo fọ́tò tó wà níbẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ èyí lo mú?”

“Ó jọ ọkọ̀ tó gbé mi wá sí Jos nígbà tí ẹ fẹ́ mi. Ẹ̀bá fèrèsé lẹ fi mí sí. Ṣé mo mọ̀ pé tiyín ni? Ẹ fi inú àpótí yẹn hàn mí rí?”

Bàbá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti káàdì náà padà sínú ìwé orin, ó sì gbé ìwé náà fún ìyàwó rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn mi.

“Ó dáa,” ó wí, ó jókòó wàyí. “Orúkọ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n mú olómi yẹn wá, jẹ́ kí n rí i.”

Mo gbé álíbọ́ọ̀mù, mo dì í mú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sógiri ná.”